Bí Áàpù Òṣùnwọ̀n Àwọn Ẹnjiníà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Nínú Fóònù

Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ìrin gààrí l'Ógbòmọ̀ṣọ́, akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó wá kọ́ṣẹ́ lè tẹ M10, ìyẹn bóòtì tó nípọn tó mílímítà 10, sínú áàpù òṣùnwọ̀n lórí fóònù, kó sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé mílímítà 1.5 ló wà láàárín tíréèdì kan sí èkejì, àti pé dírílì 8.5 ni wọ́n fi ń lu ihò rẹ̀ kí wọ́n tó gé tíréèdì sí i.

Àtẹ nọ́ńbà ló pọ̀ jù nínú irú áàpù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣe é ti ka ìwé òṣùnwọ̀n, ìyẹn ìlànà ìwọ̀n tí àwọn ẹnjiníà jọ ń tẹ̀ lé, ó ti to àwọn nọ́ńbà ibẹ̀ ní ìlà-ìlà. Bí àtẹ náà bá ti bá áàpù wọlé sórí fóònù, kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ kó tó dáhùn. Ẹ sì mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa ṣe máa ń ṣe.

Fún ṣáfùtì, ìyẹn ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ, àti ihò rẹ̀, kì í ṣe ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń tò; ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ ni. Ẹni tó bá tẹ 25 àti H7, ìyẹn àmì bí ìwọ̀n ihò ṣe lè yàtọ̀ tó, ọ̀wọ́ tó ju mílímítà 18 lọ títí dé 30 ni áàpù yóò lọ wò. Èsì rẹ̀: ihò náà lè fi 0.021 mílímítà tóbi ju 25 lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kéré sí i rárá. Ìṣirò náà wà níbẹ̀. 8.8 tó wà lórí bóòtì, 8 àkọ́kọ́ lọ́nà 100 ni: 800 megapascal (òṣùnwọ̀n agbára tó ń fa irin) ni agbára tó lè já a. 8 kejì ló ń sọ ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún: ní ìdá yẹn nínú 800, ìyẹn 640, ni yóò ti nà tí kò ní lè padà sípò mọ́.

Ọ̀rọ̀ sípánà ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Áàpù ní sípánà 16 ni ti M10, bóòtì tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá sì ń béèrè 17. Kò sẹ́ni tó parọ́ nínú wọn. DIN 933, òṣùnwọ̀n ti Jámánì, ló ní 17; ISO 4017, ti àjọ òṣùnwọ̀n àgbáyé, ló ní 16. Ti M12, 19 àti 18 ni. M8 kò bá wọn dá sí i, 13 ni níbi méjèèjì. Áàpù tí kò bá kọ orúkọ òṣùnwọ̀n sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, eré lásán ni.

Ọdún ìtẹ̀jáde náà ṣe pàtàkì, torí wọ́n máa ń tún òṣùnwọ̀n ṣe, áàpù tí wọn ò tún ṣe yóò sì dúró síbi tó wà. Owó ni ISO, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1947, ń fi ìwé rẹ̀ gbà. Nítorí náà, nọ́ńbà ni ọ̀pọ̀ áàpù ń kó, wọn kì í kó àwọn àlàyé àti ọ̀nà ìdánwò tó bá a rìn. Iṣẹ́ tí wọ́n bá kọ òṣùnwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn, ojúlówó ìwé náà ni wọ́n ń béèrè. Ti àtúnṣe ẹ̀rọ àtijọ́, kálípà, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wọn nǹkan kéékèèké, ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi wọn orí bóòtì tó tú kúrò, kí wọ́n tó lọ ra òmíràn.