Kì í ṣe ọ̀dà ló gbé títì dúró

Tí títì bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í là, ọ̀rọ̀ kan náà ni wàá gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn, yálà inú mọ́tò Ìkẹ́rẹ́ ní Èkìtì lo wà àbí abẹ́ igi níbi táwọn ọlọ́kadà ń jókòó sí: "Ọ̀dà tí wọ́n dà síbẹ̀ ò nípọn, wọ́n kàn fi pa á lójú ni." Èmi náà sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí ohun tójú ń rí ni, ọ̀dà ló ń fọ́ lójú wa, ọ̀dà náà la ó bá wí.

Mi ò sọ pé kọngílá kì í rẹ́ wa jẹ o. Ọ̀dà tó bá tín jù máa ń bàjẹ́ kíákíá lóòótọ́. Àmọ́ ẹ bá mi wò ó. Lórí ọ̀pọ̀ títì ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe, ìpele méjì ni ọ̀dà máa ń jẹ́, tìsàlẹ̀ bíi 60mm, tòkè bíi 40mm, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 10 péré, kò tó gígùn ọwọ́ èèyàn láti ọrùn ọwọ́ dé ṣóńṣó ìka. Tírélà tó ru sìmẹ́ǹtì lè wúwo tó tọ́ọ̀nù 40, ó tún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn ló máa dá gbé e? Ilẹ̀ ló ń gbé e. Abẹ́ ọ̀dà ni òkúta wẹ́wẹ́ wà, abẹ́ òkúta ni yẹ̀pẹ̀ pupa tí wọ́n fi ròlà tẹ̀ mọ́lẹ̀ wà, abẹ́ ìyẹn ni ilẹ̀ tí Ọlọ́run dá síbẹ̀. Ọ̀dà ń gba díẹ̀ nínú ẹrù náà, àmọ́ iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù tó ń ṣe ni iṣẹ́ páànù orí ilé, kí omi má bàa wọlẹ̀.

Ẹ rántí ilé alámọ̀ àwọn bàbá wa. Ògiri yẹn máa ń dúró ju ẹni tó mọ ọ́n lọ, oòrùn ò rí i ṣe, atẹ́gùn ò rí i ṣe, àfi ọjọ́ tí òrùlé bá jò sí i lórí tàbí tí àgbàrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ nídìí. Yẹ̀pẹ̀ abẹ́ títì náà nìyẹn. Tó bá gbẹ, ó le bí òkúta, tó bá mu omi yó, ó ti di ẹrẹ̀ nìyẹn. Àwọn ẹnjinníà mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí wọ́n bá fẹ́ dán agbára yẹ̀pẹ̀ wò, wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ láti mọ̀ bóyá á ṣì lè gbé nǹkan.

Òjò kan ká mi mọ́ ọ̀nà nínú oṣù kẹsàn-án, mo wá yà sábẹ́ ìbòrí ṣọ́ọ̀bù kan. Títì iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn ti là wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹ̀yìn ìjàpá, kò tíì dá kòtò o, ó kàn là ni. Tírélà kan kọjá, bí táyà ẹ̀yìn ṣe tẹ ojú ibi tó là báyìí, omi tú jáde láti inú ẹ̀, ó pupa bí epo. Mo dúró títí ẹlẹ́ẹ̀kejì fi kọjá, omi pupa yẹn tún tú. Àwọ̀ yẹn, yẹ̀pẹ̀ abẹ́ títì ló ń bá omi jáde díẹ̀díẹ̀, ihò sì ń ṣẹ́ kù lábẹ́ ọ̀dà. Kò pé oṣù kan tí ibẹ̀ fi jìn, táwọn èèyàn sì ní ọ̀dà ò nípọn.

Ẹrù náà wà níbẹ̀ o, mi ò yọ ọ́ kúrò. Láàárín 1958 sí 1960 wọ́n dán títì kan wò ní Ottawa, ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, tórí kí wọ́n lè gbé mọ́tò ńlá gba orí ẹ̀ títí á fi bàjẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe é. Ohun tí wọ́n rí ni pé tí ẹrù orí ásù kan, ìyẹn irin tó so táyà ọ̀tún àti tòsì pọ̀, bá di ìlọ́po méjì, ìyà tí títì ń jẹ kì í ṣe ìlọ́po méjì, ó tó nǹkan bí ìlọ́po 16. Nítorí náà ọ̀kadà ò ba títì jẹ́, káà kékeré náà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan, tírélà tó ru àrùjù ni. Tí irú tírélà bẹ́ẹ̀ bá wá pàdé ilẹ̀ tó ti rin, ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Èkìtì tiwa tún wá le díẹ̀, torí orí òkè àti ẹsẹ̀ òkè la wà. Ẹ wo Olósùnta àti Orólè ní Ìkẹ́rẹ́, àpáta kì í mu omi, gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí ẹ̀ ló ń wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó ń wá ọ̀nà tó máa gbà. Òjò wa sì ń rọ̀ láti oṣù kẹrin lọ dé oṣù kẹwàá. Tí a ò bá fún un ní gọ́tà, á fi títì ṣe gọ́tà. Àní títì fúnra ẹ̀ ò gbọdọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, àárín ẹ̀ gbọ́dọ̀ ga díẹ̀ kí omi lè dà sí ẹ̀gbẹ́. Lórí títì tó fẹ̀ tó mítà 7.3, ó yẹ kí àárín fi bíi sẹ̀ǹtímítà 9 ga ju etí lọ. Àmọ́ tí omi bá dé etí tí gọ́tà sì ti dí ńkọ́? Ibẹ̀ náà ló máa dúró sí, tí á máa rin wọ abẹ́ ọ̀dà láti ẹ̀gbẹ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé etí ni ọ̀pọ̀ títì wa ti kọ́kọ́ ń jẹ wọ àárín.

Gọ́tà yìí ló ń dùn mí jù. Ẹlòmíì á kọ́ ṣọ́ọ̀bù, á da yẹ̀pẹ̀ dí gọ́tà iwájú ẹ̀ kí mọ́tò lè rọ́nà wọlé, kò ní fi páìpù kankan sábẹ́ ẹ̀. Ládùúgbò wa, Màmá kan wà tó jẹ́ pé tí òjò bá ti ṣú ló ń kó ìdọ̀tí jáde. Mo ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ má dà á sí gọ́tà." Ó ní, "Ọmọ mi, òjò á gbé e lọ." Mi ò lè bá àgbà jiyàn lójú títì, mo kí i, mo kọjá.

Àwọn kan tún ń sọ báyìí pé kí wọ́n yéé fi ọ̀dà ṣe é, kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe gbogbo ẹ̀, pàápàá látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti ń fi ti sìmẹ́ǹtì síwájú láti 2023. Ó dáa, ó máa ń pẹ́, àmọ́ tí omi bá wọ abẹ́ òun náà tó gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ lọ, ó máa kán ni, àtúnṣe ẹ̀ sì nira ju ti ọ̀dà lọ.

Tí ẹ bá wá fẹ́ ṣọ́ kọngílá, ẹ má dúró de ọjọ́ ọ̀dà. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo wa máa ń jáde wá wòran, ó sì ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Ìgbà tí gírédà bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ jáde. Yẹ̀pẹ̀ yẹn, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ló yẹ kí wọ́n máa dà lẹ́ẹ̀kan kí ròlà tẹ̀ ẹ́ kó dì dáadáa, kí wọ́n tó da òmíì lé e. Tí wọ́n bá kó o jọ gègèrè tí ròlà kàn gba orí ẹ̀ kọjá, òkè nìkan ló le, inú ẹ̀ ò dì. Ẹ sì bi wọ́n pé omi àdúgbò yìí, ibo ló ń gbà lọ?

Òjò gbé ìdọ̀tí Màmá lọ lóòótọ́. Nígbà tá a dáwó jọ ní ìsinmi ọdún àjíǹde tó kọjá láti la kọ́fàtì, ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò, ibẹ̀ la ti bá gbogbo ẹ̀: ọ̀rá piọ wọ́tà tó ti dì bí búrẹ́dì, àpò sìmẹ́ǹtì méjì, táyà mọ́tò kan tó há sẹ́nu ihò náà gan-an. Ọkùnrin mẹ́ta ló fi okùn fa táyà náà jáde. Omi tó wà lẹ́yìn ẹ̀ lọ fún bíi wákàtí kan kó tó gbẹ, ìgbà yẹn la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé títì òkè ibẹ̀ ti wà ní òfìfo lábẹ́ títí dé àárín.