Lékeléke kò dúró de ọkọ̀: bí ẹyẹ ṣe ń padà síbi tó ti pa rẹ́

Ẹni tó bá dúró létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́ nígbà tí oòrùn ń wọ̀ á rí lékeléke tí wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú ọ̀run, tí wọ́n ń lọ síbi tí wọ́n máa sùn. Igi tí wọ́n bá fi ṣe ibùsùn kì í fara sin. Ewé rẹ̀ á ti funfun, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á funfun bí ìgbà tí èèyàn da ẹfun sí i, òórùn ibẹ̀ kò sì ṣeé dúró tì. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún fọ́n ká, ẹ̀yìn màlúù ni wọ́n ń lọ. Àwọn ọmọdé tó ń na èékánná sí wọn pé kí wọ́n fún àwọn ní funfun kò mọ̀ pé ẹyẹ yìí ti rìn dé ibi tí baba wọn kò dé.

Ní ọdún 1877, wọ́n rí lékeléke nítòsí ààlà Guyana àti Suriname, ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Kò sí lékeléke níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, kò sẹ́ni tó rà wọ́n, kò sẹ́ni tó tà wọ́n. Atẹ́gùn tó máa ń fẹ́ láti ìhà ọ̀dọ̀ wa lọ sí ìwọ̀ oòrùn lójú òkun Àtìláńtíìkì ni àwọn onímọ̀ gbà pé ó gbé wọn, ju 2,500 kìlómítà lọ láìsí ẹ̀ka igi kan tí wọ́n lè bà lé. Nígbà tó fi di 1941, wọ́n ti dé Florida ní Amẹ́ríkà; ní 1953, wọ́n ti ń pamọ níbẹ̀. Ní 2008, wọ́n pamọ ní England.

Òkun tí wọ́n fò kọjá kọ́ ló yẹ kó yani lẹ́nu jù. Atẹ́gùn yẹn ti ń fẹ́ láti ayébáyé. Ó ṣeé ṣe kí lékeléke ti máa ṣìnà gba ibẹ̀ tipẹ́, kí díẹ̀ nínú wọn gúnlẹ̀, kí wọ́n sì kú láìbímọ. Màlúù ni kò sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gé igbó lulẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ di pápá, tí wọ́n kó màlúù sí i, oúnjẹ délẹ̀. Ẹsẹ̀ màlúù ló ń bá lékeléke lé tata àti ìrẹ̀ jáde nínú koríko. Ẹyẹ tó bá ń tẹ̀ lé e á jẹ ju èyí tó ń dá ọdẹ ṣe lọ, kò sì ní rẹ̀ ẹ́ tó o. Ilé ló ti ṣe tán sílẹ̀, kí àlejò tó wọlé.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ kí ẹyẹ padà síbi tó ti pa rẹ́ fi máa ń bi ara wọn ní ìbéèrè kan kí wọ́n tó náwó lórí àgò: ṣé ẹyẹ yìí kò lè fi ìyẹ́ apá ara rẹ̀ dé? Bí ó bá lè ṣe é, iṣẹ́ wọn kéré. Wọ́n á dá irà àti ọparun etí omi sí, wọ́n á lé àwọn tó ń kó ẹyin, wọ́n á sì jókòó. Ẹyẹ tó bá wá fúnra rẹ̀ sàn ju èyí tí wọ́n gbé wá lọ, nítorí ó ti mọ ìbẹ̀rù, ó ti mọ ọ̀nà, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń wá oúnjẹ. Owó kékeré ni, sùúrù ló pọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹyẹ ló ń rìn bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn méjì tí ẹnu Yorùbá kì í yà kúrò lára lékeléke nínú ìwúre, agbe tó laró àti àlùkò tó losùn. Inú igbó ni wọ́n ń gbé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sáré lórí ẹ̀ka, bí wọ́n bá sì fò, láti igi dé igi ni. (Ìyẹ́ pupa tó ń tàn lára ìdílé ẹyẹ yìí, bàbà gidi, bàbà tí alágbẹ̀dẹ mọ̀, ló wà nínú àwọ̀ rẹ̀. Kò jọ pé ẹyẹ mìíràn ní irú ẹ̀.) Ká ní wọ́n fi igbó kan sílẹ̀ lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́ fún ọgbọ̀n ọdún, tí igi rẹ̀ padà dàgbà, àmọ́ tí ẹ̀sìtéètì, ọ̀nà ọ̀dà àti ilẹ̀ tí wọ́n ti fi katapílà ro sílẹ̀ wà láàárín òun àti igbó tí àlùkò kù sí. Igbó á wà, èso á pọ́n, kò ní sí àlùkò tó máa jẹ ẹ́. Lékeléke gba orí òkun kọjá. Ẹ̀sìtéètì kan ti tó láti dá àlùkò dúró.

Ẹ̀yà kẹta wà tí ọ̀rọ̀ wọn tún ta kókó. Wọ́n lágbára láti fò, ọkàn wọn ni kò kúrò nílé. Osprey ni àpẹẹrẹ rẹ̀, irú àṣá kan tó jẹ́ pé ẹja ni oúnjẹ rẹ̀. Àwọn tó ń pamọ ní Bìrìtéènì máa ń fò ju 4,000 kìlómítà lọ wá sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà nígbà tí òtútù bá mú lọ́hùn-ún. Síbẹ̀, bí akọ rẹ̀ bá fẹ́ kọ́ ìtẹ́, ìtòsí ibi tó ti kọ́ fífò ló máa ń padà sí. Ìbọn àti àwọn akóẹyin-ṣọ̀ṣọ́ ló pa á run ní Scotland. 1916 ni wọ́n mọ ìtẹ́ ìkẹyìn sí. Ní 1954, akọ kan àti abo kan dé fúnra wọn, wọ́n kọ́ ìtẹ́ sí ẹ̀bá adágún omi Loch Garten. Wọ́n ń bí sí i láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n wọn kò tètè tàn kálẹ̀ dé England, bí omi àti ẹja tilẹ̀ wà níbẹ̀. Ilé baba wọn ni wọ́n ń padà sí.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí wọ́n yí ibi tí ọmọ ẹyẹ á máa pè nílé padà. Láàárín 1996 sí 2001, wọ́n ń mú ọmọ osprey bí ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà nínú ìtẹ́ ní Scotland, wọ́n ń gbé wọn lọ sí Rutland Water, adágún omi kan ní àárín England. Inú àpótí onígi ni wọ́n ń kó wọn sí, tó ga sókè lórí òpó bí àká àgbàdo, wáyà nìkan ló sì dí iwájú rẹ̀, tó kọjú sí omi. Ihò kékeré wà lẹ́yìn. Ẹni tó ń bọ́ wọn á gba ibẹ̀ ti ẹja tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ wọlé, kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́dọ̀ rí ojú rẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé èèyàn ni ìyá àwọn. Omi yẹn ni wọ́n ń wò tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, wọ́n á rọra ṣí wáyà náà ní òwúrọ̀, láìlé ẹnikẹ́ni jáde. Ọmọ ẹyẹ á jáde nígbà tó bá wù ú, á fò, á tún padà wá jẹ ẹja tí wọ́n kó sórí pẹpẹ fún un, títí ọjọ́ tí yóò gbéra lọ sí Áfíríkà láìsí àgbà kan tó ṣíwájú rẹ̀. Ó di bí ọdún méjì kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ó kú tàbí ó yè. Àwọn tó yè padà sí Rutland. Ní 2001, ìtẹ́ kan yọrí níbẹ̀.

Òrùka máa ń wà lẹ́sẹ̀ irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àti ibi tí wọ́n ti lè kàn sí àwọn tó fi í sí i. Apẹja tó bá rí ọ̀kan nínú àwọ̀n, tó kọ nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́, ó ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kò lè jókòó sílé ṣe.

Fún ẹyẹ tí kì í dá gbé, wọ́n tún ní láti fi irọ́ kún un. Ní erékùṣù Eastern Egg Rock, ní Maine ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti pa puffin, ẹyẹ òkun kan tó ń gbé inú ihò, jẹ tán. Láti 1973, Stephen Kress àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ọmọ puffin wá láti Newfoundland ní Kánádà, wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ihò fún wọn, wọ́n fi ẹja bọ́ wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n lọ sójú òkun. Nígbà tí ó tó àkókò kí wọ́n padà, àpáta náà dákẹ́ rọ́rọ́, kò sì sí puffin tó máa gúnlẹ̀ síbi tí kò ti rí ojúgbà. Ni wọ́n bá gbẹ́ ère puffin onígi, wọ́n kùn ún, wọ́n tò ó sórí àpáta. Ìyẹn ló gba wọ́n. Àwọn kan gúnlẹ̀ ní 1977, wọ́n lọ ń jókòó ti ère náà. Ní 1981, wọ́n pamọ. Ọdẹ tó ń fi ẹyẹ pe ẹyẹ kò ní kọminú sí ọgbọ́n yìí. Èrè rẹ̀ nìkan ló yí padà.

Odídẹrẹ́ ló le jù nínú gbogbo wọn. Gbogbo wa la mọ̀ pé Ìwó nilé odídẹrẹ́, a sì mọ ohun tí ikóódẹ jẹ́ fún ọba àti olórìṣà. Inú igbó wa ni ẹyẹ náà kò pọ̀ sí mọ́. Ihò igi ńláńlá ló ń yé sí, àwọn igi wọ̀nyẹn sì ni agégẹdú kọ́kọ́ máa ń lé. Àtè ni àwọn apẹyẹ fi ń mú àgbà rẹ̀, wọ́n á so ọ̀kan mọ́ ẹ̀ka kí ariwo rẹ̀ lè pe àwọn yòókù. Ní 2016, àdéhùn àgbáyé fòfin de títa èyí tí wọ́n mú nínú igbó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, síbẹ̀ àwọn onífàyàwọ́ kò jáwọ́.

Bí aṣọ́bodè bá gba odídẹrẹ́ lọ́wọ́ irú wọn, kì í ṣe pé kí wọ́n ṣí àgò kí ó máa fò lọ. Ní Limbe, ní Kamẹrúùnù, wọ́n gba èyí tó ju 1,000 lọ láàárín oṣù mélòó kan ní ìparí 2007 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2008. Wọ́n ti gé ìyẹ́ apá àwọn kan, àtè ti lẹ̀ mọ́ ara àwọn mìíràn. Ìyẹ́ tí wọ́n gé kì í hù láti ojú gígé. Ó ní láti bọ́ kí tuntun tó yọ, oṣù lèyí sì ń gbà. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n má baà kó àrùn wọ inú igbó. Wọ́n á kó wọn pọ̀ kí wọ́n lè di ẹgbẹ́, nítorí odídẹrẹ́ tó dá wà, oúnjẹ àṣá ni. Èyí tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ èèyàn, tó mọ ẹ káàárọ̀ kí, àwọn olùtọ́jú kì í fẹ́ tú u sílẹ̀ rárá: ilé tó bá rí èéfín rẹ̀ ló máa lọ bà lé, á sì kí ẹni tó fẹ́ pa á.

Wọ́n ti ṣe àṣìṣe rẹ̀ rí. Láàárín 1986 sí 1993, wọ́n tú irú ayékòótọ́ kan sílẹ̀ ní Arizona. Àwọn kan jẹ́ èyí tí wọ́n gbà lọ́wọ́ onífàyàwọ́, àwọn mìíràn jẹ́ èyí tí èèyàn tọ́ dàgbà nínú àgò. Àwọn tí wọ́n tọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ fò, wọn kò mọ àṣá, àṣá sì jẹ wọ́n. Ìgbìyànjú náà kùnà.

Ọ̀tọ̀ sì ni kí a dá ẹyẹ padà sílé rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a gbé e lọ síbi tí kò bá ènìyàn tan. Ní 1959, wọ́n kó 105 lékeléke láti Florida lọ sí Hawaii, pé kí wọ́n wá jẹ eṣinṣin ara màlúù. Ọmọ àwọn ẹyẹ onílé ni wọ́n wá ń jẹ, wọ́n sì di wàhálà fún bàálù.

Igún ló kù. Yorùbá ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Lọ sí ìsọ̀ lẹ́kulẹ́jà, kí o wo ohun tó wà lórí àtẹ. Ní Guinea-Bissau, ní 2020, wọ́n fi májèlé pa èyí tó lé ní 2,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní orí mọ́. Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ ti ka igún wa yìí mọ́ àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà ìparun.

Ìlú Íńdíà ló fi bí irú èyí ṣe ń lọ hàn. Láti àwọn ọdún 1990, igún ibẹ̀ kú tó bẹ́ẹ̀ tí oríṣi kan fi dín ní èyí tó ju 95 nínú 100 lọ. Ní 2004, wọ́n rí i pé diclofenac ni, oògùn ara ríro kan náà tí kẹ́míìsì wa ń tà. Wọ́n ń gún un fún màlúù, igún tó bá jẹ òkú màlúù yẹn, kíndìnrín rẹ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìjọba fòfin dè é fún ẹran ọ̀sìn ní 2006. Ní ìlú Pinjore lọ́hùn-ún, wọ́n ti ń tọ́ igún láti 2001, àmọ́ wọn kò sáré tú wọn sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ òkú màlúù ni wọ́n ń kó lọ yẹ̀ wò káàkiri, kí wọ́n lè mọ bóyá májèlé ṣì wà nínú oúnjẹ.

Bí ẹnì kan bá fẹ́ rí igún padà lórí òrùlé ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Ẹ̀pẹ́, ẹsẹ̀ ìsọ̀ lẹ́kulẹ́jà ni iṣẹ́ rẹ̀ ti máa bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe orí àpótí onígi. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó lè máa ka ọjọ́. Igún kì í tètè tó ẹni tó ń yé ẹyin, nǹkan bí ọdún márùn-ún ni. Ẹyin kan ṣoṣo ni tọkọtaya ń yé. Ọmọ èèyàn tí wọ́n bá bí lọ́dún tí wọ́n tú igún àkọ́kọ́ sílẹ̀ á ti wọ ilé ìwé kí ẹyin kan tó wà nínú ìtẹ́.