Motion capture fún ohun èlò ọwọ́ àwọn ẹ̀dá inú kọ̀ǹpútà

Motion capture fún ohun èlò ọwọ́ ni ọ̀nà tí àwọn tó ń ṣe fíìmù àti géèmù ń gbà mú kí idà, ìbọn, ife tàbí ọ̀pá tó wà lọ́wọ́ ẹ̀dá inú kọ̀ǹpútà máa rìn gẹ́gẹ́ bí òṣèré gidi ṣe lo irú rẹ̀ níwájú kámẹ́rà.

Nínú ìlànà oníìmọ́lẹ̀, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Vicon àti OptiTrack ń ṣe, wọ́n á lẹ bọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà mọ́ ara òṣèré, wọ́n á sì lẹ díẹ̀ mọ́ ohun tó mú dání. Àwọn kámẹ́rà infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí) tó yí i ká á máa ṣọ́ ibi tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan wà, nígbà mìíràn ní ìgbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ara èèyàn máa ń tẹ̀, idà kì í tẹ̀. Nítorí náà bọ́ọ̀lù 3 tí kò tò sórí ìlà kan ti tó láti mọ ibi tí idà wà àti ibi tó kọjú sí. Ìṣirò tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Wolfgang Kabsch tẹ̀ jáde ní 1976, tí kò tilẹ̀ torí eré ṣe, wà lára ohun tí wọ́n lè fi ṣe é. Síbẹ̀, 4 tàbí 5 sàn jù, torí bí ọwọ́ bá bo ọ̀kan, ìyókù á ṣì hàn. Wọn kì í tò wọ́n dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, kí kọ̀ǹpútà má bàa rí idà sódì.

Ìwúwo ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Òṣèré tó bá ń fi idà fóòmù tó fúyẹ́ jà, ejìká rẹ̀ ni yóò tú àṣírí rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ti le jù ni ibi tí àtẹ́lẹwọ́ àti èèkù idà ti pàdé. Àṣìṣe mìlímítà díẹ̀ ti tó kí idà máa yọ̀ lọ́wọ́, pàápàá bí apá ẹ̀dá náà bá gùn ju ti òṣèré lọ. Oníṣẹ́ gbọ́dọ̀ pinnu èyí tí yóò ṣáájú, ọwọ́ tàbí ohun èlò. Bó bá jẹ́ ọwọ́ kan ló mú un, wọ́n á so idà mọ́ eegun ọwọ́, pẹ̀lú ìdè tí wọ́n ń pè ní Parent Constraint nínú Maya tàbí Child Of nínú Blender, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dá bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó sàn kí ohun èlò náà ṣáájú, kí ìṣirò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní inverse kinematics fa ọwọ́ méjèèjì tọ̀ ọ́ lọ, kó sì fúnra rẹ̀ ṣírò bí ìgúnpá yóò ṣe tẹ̀. Ìka ọwọ́ ńkọ́? Oníṣẹ́ sábà máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ tò ó.

Bí ẹ̀dá náà bá ju ọ̀kọ̀, wọ́n á tú ìdè náà ní fírémù (àwòrán kan ṣoṣo nínú fíìmù) tí ọ̀kọ̀ kúrò lọ́wọ́ gan-an, kí ìrìn tí wọ́n gbà sílẹ̀ láti ara ọ̀kọ̀ fúnra rẹ̀ gbà á. Bí wọ́n bá tú u ṣáájú tàbí lẹ́yìn àkókò, ọ̀kọ̀ á fò lójijì láti ibì kan sí òmíràn.

Aṣọ onísẹ́ńsọ̀ (ẹ̀rọ kékeré tó ń mọ ìrìn ara) bíi ti ilé-iṣẹ́ Xsens kò nílò kámẹ́rà. Sẹ́ńsọ̀ ara ohun èlò máa ń mọ ibi tó kọjú sí dáadáa, ṣùgbọ́n bí àkókò ṣe ń lọ, ó máa ń ṣi ibi tó wà mọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sábà ń so ó mọ́ ọwọ́.