Teratogen: oògùn tí ò ṣe ìyá ní nǹkan kan, tó ń ba ọmọ inú jẹ́

A ní ológbò kan nílé ní Ìjọkà, níbí ní Àkúrẹ́, abo ni, ó máa ń jáde lálẹ́ bó ṣe wù ú. Làpálàpá wá mú un létí àti nídìí imú, ó sì kó o ran àbúrò mi. Màmá mi lọ sí kẹ́mísì, wọ́n fún un ní griseofulvin fún àbúrò mi, ni màmá bá ní ká kúkú máa ṣẹ́ díẹ̀ fún ológbò náà, ṣebí àìsàn kan náà ni. Ara ẹ̀ yá o, irun tó re hù padà. Àfi ìgbà tó bí ọmọ mẹ́rin, tí méjì nínú wọn ń mu ọmú tí wàrà ń gba imú wọn jáde. Mo la ẹnu ọ̀kan, mo tan iná fóònù sí i, àjà ẹnu ẹ̀ là gbọọrọ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Wọn ò lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ.

Dókítà ẹranko tá a lọ bá ò tíì jókòó dáadáa tó ti ń béèrè pé oògùn wo la fún ìyá wọn.

Teratogen lorúkọ tó pè é. Èdè Gíríìkì ni, teras lọ́dọ̀ wọn ni ohun abàmì. Ohunkóhun tó bá lè mú kí ọmọ inú má mọ bó ṣe yẹ kó mọ ni, oògùn lè ṣe é, kòkòrò àìsàn náà lè ṣe é. Kì í ṣe bíi májèlé tá a mọ̀, torí májèlé ẹ máa rí i, ẹran á máa bì, á máa gbọ̀n. Teyìí, ìyá á jẹun, á tún sùn sórí àga yín, ọmọ inú ẹ̀ nìkan ló ń jẹ ìyà ẹ̀.

Ẹ wo griseofulvin yìí gan-an. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ohun tó ń fa làpálàpá pín sí méjì, tí ò bá ti lè pín, kò lè tàn mọ́. Ọmọ inú ńkọ́, kí ni iṣẹ́ tiẹ̀? Pípín náà ni jàre! Sẹ́ẹ̀lì kan á di méjì, méjì á di mẹ́rin, títí etí á fi yọ, tí àjà ẹnu apá ọ̀tún á fi wá pàdé tòsì láàárín. Tí oògùn bá dá iṣẹ́ yẹn dúró lásìkò tó yẹ kí wọ́n pàdé, ó parí, oògùn ì báà kúrò lára ìyá lọ́la.

Ẹ má sọ pé ibi ọmọ á dáàbò bò ó. Ibi ọmọ kì í ṣe ògiri, asẹ́ ni, ibi tí oúnjẹ ń gbà kọjá ni ọ̀pọ̀ oògùn ń gbà.

Oyún ológbò ò ju bí ọjọ́ 63 sí 65 lọ, ọkàn, ọpọlọ, ojú, àjà ẹnu, gbogbo ẹ̀ ti ń mọ kí ikùn tó yọ rárá. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ni orí ọmú tó bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n tẹ́ ẹ fi máa fura. Ṣé ẹ wá rí wàhálà ibẹ̀ báyìí, ìgbà tí oògùn léwu jù ni ìgbà tí ẹ ò tíì mọ̀ pé oyún wà! Èmi o, abo ológbò tí wọn ò tíì yọ ilé ọmọ ẹ̀ tó sì ń rìn lálẹ́, olóyún ni mò ń kà á sí, mo sì máa ń sọ ọ́ fún dókítà kó tó fa abẹ́rẹ́.

Griseofulvin nìkan kọ́ sha. Albendazole tá a máa ń lò fún aràn wà níbẹ̀. Tetracycline, tí àwọn kan ń tú dà sójú egbò, máa ń pa àwọ̀ eyín ọmọ dà. Dexamethasone lè mú kí oyún wálẹ̀. Kódà abẹ́rẹ́ àjẹsára panleukopenia (àìsàn kan tó máa ń pa ológbò), èyí tí kòkòrò inú ẹ̀ ṣì wà láàyè, lè mú kí àwọn ọmọ máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni mu ẹmu yó, títí ayé wọn. Èèyàn náà jẹ nínú ìyà yìí rí, thalidomide, oògùn oorun tí àwọn aboyún náà lò, tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì lọ́dún 1957, wọ́n kó o kúrò lọ́jà ní 1961, àmọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn ò pé lé ní ẹgbẹ̀rún 10. (Paracetamol ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o, ìyá gan-an nìyẹn máa pa, táblẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ti tó.)

Kò wá túmọ̀ sí pé kẹ́ ẹ fi ológbò sílẹ̀ kó máa jìyà. Dókítà máa ń ní àwọn tó rọra, bíi amoxicillin, tàbí pyrantel fún aràn, á wọn ìwọ̀n ẹran yẹn kó tó ṣírò ẹ̀. Làpálàpá, ohun tí wọ́n máa fi wẹ̀ ẹ́ lára ló sábà máa ń fún un, ẹ ṣáà bi í léèrè bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é tí kò fi ní lá a. Tó bá jẹ́ táblẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kó jókòó fúnra ẹ̀, ẹ má fún un níkùn, tó bá ti gbé e mì ẹ fi síríńjì tí wọ́n ti yọ abẹ́rẹ́ ẹ̀ rọ omi díẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu, torí táblẹ́ẹ̀tì gbígbẹ máa ń há wọn lọ́nà ọ̀fun, á sì bó o.

Ológbò wa tún ti lóyún. Páálí oògùn àbúrò mi tó ṣẹ́ kù, màmá ti fi bírò kọ gàdàgbà sí i lára: TI ÈÈYÀN NI.