Ara Tó Ń Dán Kò Sọ Iye Kòkòrò Inú Ẹ̀jẹ̀

"Ẹ wo bó ṣe sanra, oògùn yẹn ti bá a lára mu!" Ohun tí a máa ń sọ nìyí nípa ẹni tó ń lo oògùn HIV. Èrò làwọn mìíràn tún fi ń díwọ̀n ilé ìwòsàn: ibi tí èrò bá ti kún bámúbámú, tí oògùn kì í sì í tán, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ìtọ́jú ṣe.

Ara máa ń tanni o. Kòkòrò HIV lè máa bí sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ ń dán, fún ìgbà pípẹ́ kí àìsàn tó gbé e dè. Dolutegravir pàápàá, tó wà nínú oògùn oníhóró kan lójúmọ́ tí ọ̀pọ̀ ń lò ní Nàìjíríà báyìí, a máa mú àwọn kan sanra. Kí ni ìwọ̀n ara wá fẹ́ sọ fún wa?

Àyẹ̀wò tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń pè ní viral load ló ń ka iye kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n á tún un ṣe ní oṣù kejìlá, lẹ́yìn náà ó di ọdọọdún. Bí ó bá lé ní 1,000 nínú mìlílítà ẹ̀jẹ̀ kan, ó yẹ kí wọ́n tètè pe onítọ̀hún, kí wọ́n bi í bó ṣe ń lo oògùn, kí wọ́n sì tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Èsì tó dé tó wá sùn sínú fáìlì, mi ò mọ ẹni tó wò sàn.

Iye yìí náà sì mọ irọ́ pa. Ká ní ènìyàn 200 bẹ̀rẹ̀ oògùn ní ilé ìwòsàn kan. Ọgọ́rin ò wá mọ́. Nínú 120 tó kù, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ 100 wò, kòkòrò sì ti rọlẹ̀ lára 95. Inú wọn á dùn, torí 95 nínú 100 àwọn tó ń lo oògùn ni góńgó tí UNAIDS, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ HIV, gbé kalẹ̀ fún ọdún 2025. Àmọ́ 95 nínú 200 ò tó ìdajì.

Ọgọ́rin yẹn ńkọ́? Òmíràn ti gba ìwé lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, òmíràn ti kú, òmíràn ò rówó ọkọ̀, òmíràn sì ń sá fún ojú aládùúgbò tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀nà wọn ò papọ̀, ẹni tó bá wá wọn lọ nìkan ló lè mọ̀. Lọ́dọ̀ PEPFAR, ètò ìjọba Amẹ́ríkà tó ń náwó sórí ìtọ́jú HIV, bí ọjọ́ 28 bá ti kọjá lórí àdéhùn tí ènìyàn kò sì yọjú, ẹni tó dá oògùn dúró ni wọ́n kà á sí.

Ẹni tó ń lo oògùn déédéé, tí àyẹ̀wò ò rí kòkòrò lára rẹ̀ mọ́, kì í kó o ran ẹni tó bá bá a lò pọ̀. Bí ó bá dá oògùn dúró, láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kòkòrò á tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀, kò sì sí ẹni tó máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti kà á.