Ọṣẹ Àtúnrọ Tí Wọ́n Ń Gbé Wálé: Bí Ètò Náà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Bí ènìyàn bá yí ìgò ọṣẹ ìnulé padà, tó ka èròjà tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀, omi ni yóò bá lókè pátápátá. Nínú ọṣẹ tí wọ́n ń fọ́n sórí tábìlì tàbí dígí kí wọ́n tó nù ún, omi sábà máa ń ju ìdá 90 nínú 100 lọ. Ọkọ̀ á sun epo, á gbé omi gba ọ̀nà jíjìn, á já a sílé ẹni tí omi wà lẹ́nu ẹ̀rọ rẹ̀. Ike tó gbé omi náà dé, ìlò kan ṣoṣo, ó di èrò ààtàn. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017 nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ Science Advances ṣírò rẹ̀ pé nínú gbogbo ike tó ti di pàǹtí láyé títí di 2015, bí ìdá 9 nínú 100 péré ni wọ́n rí sọ di nǹkan mìíràn.

Nǹkan méjì ni ètò àtúnrọ, ìyẹn rírọ ọṣẹ mìíràn sínú ìgò tó ti wà, fẹ́ dín kù: omi tí ọkọ̀ ń rù, àti ike tí a ń sọ nù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń polówó rẹ̀ ló ń dín méjèèjì kù, ibẹ̀ sì ni kí oníbàárà ti la ojú rẹ̀.

Lọ́dún 2019, àjọ Ellen MacArthur Foundation pín ọ̀rọ̀ àtúnlò ìgò sí ọ̀nà mẹ́rin. Méjì nínú wọn gba pé kí oníbàárà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn: kó gbé ìgò lọ rọ níta, tàbí kó dá òfìfo padà síbi tí wọ́n ti ń gbà á. Méjì yòókù ló kan ẹni tó fẹ́ jókòó sílé kí ọjà wá bá a. Nínú èkíní, ìgò ń bẹ nílé títí, ohun tí wọ́n máa rọ sínú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé wá. Nínú èkejì, wọ́n ń gbé ìgò tó kún wá, wọ́n sì ń kó òfìfo lọ.

Ká mú ti ìgò tó ń gbélé. Ohun tó ń dé lè jẹ́ hóró gbígbẹ, ó lè jẹ́ ògidì ọṣẹ tí a máa bu omi là, ó sì lè jẹ́ ọṣẹ tó ti ṣe tán tí wọ́n rọ sínú ọ̀rá. Hóró ló fúyẹ́ jù lọ. Sódà àti ásíìdì irú èyí tó wà nínú ọsàn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Tí omi bá ti kan wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde á sì máa fọ́ hóró náà sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi yọ́ tán. Nítorí pé ó gbẹ, kòkòrò àìfojúrí kò rí ibi hù sí nínú rẹ̀, kò sì nílò kẹ́míkà tí wọ́n ń fi sínú ọṣẹ olómi kó má bàa bàjẹ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ọṣẹ ìfọwọ́ tó bá ti ara hóró wá máa ń ṣàn gererege bí omi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tà á pẹ̀lú ìgò tí ẹnu rẹ̀ ń sọ ọ́ di fóòmù. Ẹni tó bá rọ ọ́ sínú ìgò mìíràn á rò pé wọ́n rẹ́ òun jẹ ni.

Ògidì olómi ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 1 sí 10 sára rẹ̀, ìwọ̀n kan ọṣẹ sí mẹ́wàá omi ni. Omi ni kó kọ́kọ́ wọ ìgò, kí ọṣẹ tẹ̀lé e. Bí a bá fi ọṣẹ ṣáájú, fóòmù á ti yọ lẹ́nu ìgò kí omi tó dé ìdajì. Kí a má sì gbàgbé pé ògidì le ju èyí tí a ti bu omi là lọ, pàápàá fún ojú àti awọ ara, nítorí náà ibi tọ́wọ́ ọmọdé kò lè tó ni àyè rẹ̀.

Ọ̀rá ni ó gba kí a rò ó dáadáa. Ike inú rẹ̀ kéré sí ti ìgò tó gba ìwọ̀n ọṣẹ kan náà. Ní Japan, ó ti pẹ́ tí rírọ ọṣẹ láti inú ọ̀rá ti di ohun tójú mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ jẹ́ ike oríṣiríṣi tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra, nígbà mìíràn pẹ̀lú bébà álúmíníọ̀mù láàárín, títú wọn sọ́tọ̀ kò sì rọrùn. Bí ilé iṣẹ́ bá ní kí oníbàárà dá ọ̀rá padà, ìbéèrè kan ló kù: ṣé wọ́n á fọ̀ ọ́ kí wọ́n tún rọ ọ́ ni, àbí wọ́n á lọ̀ ọ́? Lílọ̀ kì í ṣe àtúnrọ, bó ti wù kí ìpolówó dùn tó.

Ti ìgò tó ń lọ tó ń bọ̀ ló gba agbára jù. Tí òfìfo bá dé ilé iṣẹ́, wọ́n á ṣà wọ́n ní oríṣi-oríṣi, wọ́n á ṣí bébà ara wọn kúrò, wọ́n á fi omi gbígbóná àti kẹ́míkà fọ̀ wọ́n, wọ́n á ṣàn wọ́n, wọ́n á yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n ti sán, wọ́n á sá wọn gbẹ kí ọṣẹ tuntun tó wọlé. Gọ́ọ̀mù tí kò bá bá omi lọ lè da gbogbo iṣẹ́ yìí rú. Ìgò tí ìrísí wọn dọ́gba ń rọrùn fún ẹ̀rọ ju ìgò àrà ọ̀tọ̀ lọ, nítorí náà ìgò tó rẹwà jù nínú àwòrán lè jẹ́ èyí tó ń ná wọn lówó jù láti fọ̀.

Iye ìgò tó ń padà ló ń dá ẹjọ́ ètò yìí. Bí 90 bá ń padà nínú 100 ní gbogbo ìgbà, ìpíndọ́gba ìlò ìgò kan á jẹ́ 10 kó tó sọnù. Bí 50 péré bá ń padà, ìlò méjì ni. Ìgò àtúnlò sì máa ń nípọn ju ti ìlò kan lọ, nítorí náà èyí tí wọ́n lò lẹ́ẹ̀mejì péré lè ti ba àyíká jẹ́ ju ike lásán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba owó ìgò lọ́wọ́ oníbàárà, tí wọ́n á dá a padà fún un tí ìgò bá dé. Ilé iṣẹ́ TerraCycle gbé irú ètò yìí, tí wọ́n pè ní Loop, jáde lọ́dún 2019 pẹ̀lú gbígbé ọjà wálé. Lẹ́yìn náà wọ́n darí rẹ̀ sí àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá. Kíkó òfìfo láti ojúlé dé ojúlé kì í ṣe iṣẹ́ kékeré.

Ìgbà tí ọjà ń dé náà tún wà níbẹ̀. Nígbà tí oníbàárà bá fi orúkọ sílẹ̀, ilé iṣẹ́ á béèrè iye ènìyàn tó wà nílé, á fojú díwọ̀n ìgbà tí ọṣẹ máa tán, á sì máa yọ owó lórí káàdì rẹ̀ kí ẹrù kọ̀ọ̀kan tó gbéra. Ìdíwọ̀n wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ gbè sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń rà. Èyí tó dára jù ni kí a ṣe ìṣirò tiwa. Bí títẹ̀ kan lẹ́nu ìgò bá ń mú mílílítà 1.5 jáde, ìgò mílílítà 300 á fún ni ní títẹ̀ 200. Ilé tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ nígbà 20 lójúmọ́ á lò ó fún ọjọ́ 10. Ẹni tí ìṣirò kò wù kó kọ déètì sára ìgò lọ́jọ́ tó ṣí i, kó sì ka ọjọ́ nígbà tó bá tán.

Ètò tó bá gbà kí a sún ọjọ́ síwájú, kí a fo ìgbà kan tàbí kí a dá a dúró láìpe ẹnikẹ́ni ló yẹ láti yàn. Ọṣẹ tó ń kó jọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù kò tíì gba ilẹ̀ ayé lọ́wọ́ nǹkan kan. Kí a kó gbogbo ohun tí a fẹ́ sínú páálí kan, kí a sì fara mọ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ ń bọ̀ ládùúgbò. Ọkọ̀ tó ń já ẹrù fún ogún ilé lójú ọ̀nà kan kò sun epo tó ogún ọkọ̀ tí wọ́n rán ní kánjúkánjú.

Ní ti ohun tó wà nínú ọṣẹ fúnra rẹ̀, “ti ìṣẹ̀dá” àti àwòrán ewé kì í ṣe ẹ̀rí. Àmì tí àjọ mìíràn yẹ̀ wò kó tó fún ilé iṣẹ́ ni kí a wá: Blue Angel ti Jámánì wà láti 1978, Nordic Swan láti 1989, EU Ecolabel láti 1992, Amẹ́ríkà sì ní Safer Choice. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù gba pé kí èròjà tó ń mú ọṣẹ ya ìdọ̀tí jẹrà tó ìdá 60 nínú 100, ó kéré tán, láàárín ọjọ́ 28 nínú àyẹ̀wò. Ọ̀rá tó ń yọ́ nínú omi, irú èyí tí wọ́n fi ń di ọṣẹ ìfọṣọ ẹlẹ́yọ-ẹyọ, PVA ni wọ́n ń pè é, ike sì ni. Pé ó yọ́ kò sọ pé ó ti jẹrà; bó ṣe ń jẹrà tó nínú omi ẹ̀gbin ni àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé.

Tí ọjà bá ti dé, kí a má ṣe rọ tuntun lé àṣẹ́kù. Ìlànà ìfọwọ́ tí CDC, àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, gbé jáde fún ilé ìwòsàn lọ́dún 2002 kọ̀ ọ́, nítorí kòkòrò tó ti hù nísàlẹ̀ á bọ́ sínú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí a lo èyí tó wà tán, kí a ṣan ìgò àti ẹnu rẹ̀, kó gbẹ, kí a tó rọ òmíràn.

Bílíìṣì kò bá ètò yìí mu. Agbára rẹ̀ ń dín kù bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, èyí tí a ti bu omi là sì ń tètè kú ju ògidì rẹ̀ lọ. Bí ó bá bọ́ sínú ìgò tí ásíìdì ìfọ-ṣáláńgá tàbí ọṣẹ olámóníà ti gbé rí, afẹ́fẹ́ olóró ló máa tú jáde. Inú ìgò tí wọ́n tà á sí ni kó máa gbé. Àwọn ìgò àtúnrọ yòókù, kí bébà tó wà lára wọn máa sọ ohun tó wà nínú wọn báyìí àti ọjọ́ tí wọ́n pò ó, kì í ṣe ohun tó wà níbẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn.