Oòrùn lórí òkè, èéfín nísàlẹ̀: ìbéèrè nípa afẹ́fẹ́ Salt Lake City

Ìbéèrè: Àbúrò mi ní Salt Lake City fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ sí mi lóṣù Kìíní. Nínú ọ̀kan, ojú ọ̀run mọ́ kedere, oòrùn ń tàn lórí yìnyín. Nínú èkejì, ilé tó wà ní òdìkejì títì kò hàn dáadáa. Ó ní ọjọ́ kan náà lòun ya méjèèjì. Báwo ló ṣe jẹ́?

Orí òkè ló ti ya àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀ ló ti ya èkejì. Kò sì ju ìrìn wákàtí kan lọ ní mọ́tò. Àfonífojì ni wọ́n tẹ ìlú yẹn dó sí, ní ìpínlẹ̀ Utah, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn òkè Wasatch dúró sí ìlà-oòrùn rẹ̀, ṣónṣó àwọn kan níbẹ̀ ga ju mítà 3,300 lọ, bẹ́ẹ̀ ìlú fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 1,300 lọ. Àwọn òkè Oquirrh dí ìwọ̀-oòrùn. Apá ibi tí adágún iyọ̀ ńlá kan wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Great Salt Lake, ló ṣí díẹ̀. Bí ẹni ń gbé inú àwo kòtò ni.

Ìbéèrè: Àwo kòtò kò ṣáà ní ìdérí. Ṣebí èéfín a máa gòkè?

A máa gòkè tí afẹ́fẹ́ ilẹ̀ bá gbóná ju ti òkè lọ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, òun ló ń gbé èéfín lọ. Nígbà òtútù, ọ̀rọ̀ a yí padà. Òru gùn, yìnyín bo ilẹ̀, ó sì ń dá ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà kó tó ráyè mú ilẹ̀ gbóná. Afẹ́fẹ́ tútù tó wúwo á máa ṣàn wálẹ̀ lára òkè bí omi, á dágún sísàlẹ̀. Bí èyí tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ bá wá bọ́ sórí rẹ̀, tí ìjì kò sì jà, ìdérí dé nìyẹn. Inversion ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Èéfín á gòkè díẹ̀, á kan ìdérí, á padà sọ́dọ̀ ẹni tó tú u síta.

Ẹni tó bá ti jí ní ìdájí ọyẹ́ lábúlé ti rí i rí. Èéfín ààrò kì í lọ sókè tààrà. Ṣe ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ sí ẹ̀gbẹ́ òrùlé páànù. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án, oòrùn ti ká ìdérí kúrò. Tiwa kì í sábà ju òwúrọ̀ lọ. Tiwọn lè lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ìbéèrè: Àbí wọ́n ń sun nǹkan jù nígbà òtútù ni?

Díẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, torí wọ́n ń mú ilé gbóná. Ṣùgbọ́n mọ́tò oṣù Kìíní àti ti oṣù Kẹrin kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan mu sìgá nínú gbọ̀ngàn ìgbéyàwó, kó tún wá mu ẹyọ kan nínú ilé ìwẹ̀. Sìgá kan náà ni, àjà ló wálẹ̀.

Ọjọ́ kìíní kì í le. Ọjọ́ kẹta, ìkẹrin ló ń dójú ẹ̀, torí tàná kò tíì lọ tí tòní fi dé bá a. Púpọ̀ nínú eruku náà kò tilẹ̀ jáde ní eruku. Gáàsì ló ti inú mọ́tò jáde, tó pàdé ammonia, gáàsì mìíràn láti ilẹ̀ oko àti ibi ẹran ọ̀sìn, tí wọ́n sì di eruku tíntín nínú òtútù. PM2.5 ni wọ́n ń pè é: irun orí kan fi nǹkan bí ìlọ́po 30 nípọn jù ú lọ, ìyẹn ló ṣe ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún. Òdiwọ̀n ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni 35 microgram (ìdá kan nínú mílíọ̀nù gíráàmù ni microgram kan) nínú mítà onígun mẹ́ta kan láàárín wákàtí 24, àfonífojì yìí sì máa ń kọjá rẹ̀ bí ìdérí bá pẹ́. Láwọn ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òfin de sísun igi nínú ilé.

Ìbéèrè: Ṣé ó lè pa èèyàn?

Ó ti pa á rí. Ní ìparí oṣù Kẹwàá 1948, irú ìdérí yìí dé mọ́ ìlú Donora ní Pennsylvania, létí odò Monongahela, láàárín òkè. Ilé iṣẹ́ irin àti ti zinc ń tú èéfín síta lọ. Kí òjò tó dé, èèyàn 20 ti kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń ṣàìsàn.

Ìbéèrè: Ìgbà ooru wá ńkọ́?

Wàhálà mìíràn ni. Ìdérí máa ń ga nígbà náà, ṣùgbọ́n oòrùn gan-an ló ń se èéfín mọ́tò di gáàsì ozone, èyí tí ojú kò rí. Ọ̀sán tó mọ́ gaara lè máa ta èèyàn lọ́nà ọ̀fun. Èéfín igbó tó ń jó láwọn ìpínlẹ̀ mìíràn náà máa ń dé. Adágún iyọ̀ pàápàá ti ń gbẹ; ní 2022 ló fà sẹ́yìn jù lọ látìgbà tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n, ilẹ̀ rẹ̀ tó hàn síta sì ní májèlé arsenic nínú. Atẹ́gùn ló ń gbé eruku rẹ̀ wá.

Ìbéèrè: Kí ni kí àbúrò mi ṣe?

Kó máa wo iye PM2.5 lórí fóònù kó tó jáde lọ sáré. Bó bá ga, kó ṣeré ìdárayá nínú ilé, tàbí kó gòkè lọ níbi tó ti ya fọ́tò yẹn. Ìjì ló ń ṣí ìdérí, kó máa retí rẹ̀. Ìjì ọ̀hún náà ló sì máa ń da yìnyín tuntun sílẹ̀ fún ìdérí tó kàn.